Aṣọ Àrán Tí Alákòóso Fi Bo Oòrùn Ajue

Ẹ fara balẹ̀ bá mi gbọ́ èyí, nítorí ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò fẹ́ràn kí ènìyàn máa kánjú dárúkọ òun. Olóyè Ọlọ́runníyì Adéyẹyè ni, Alákòóso Àgbà fún gbogbo agbègbè Odigbo, láti Ore títí dé ibi tí ọ̀nà ti parí tí igbó gbà á. Ìjọba sójà ló fi í síbẹ̀. Kò sí ẹni tó dìbò fún un, òun gan-an a sì máa fi èyí yangàn. "Ìbò ni wọ́n fi ń yan ẹni tí wọn ò mọ̀," ni yóò wí. "Èmi, wọ́n mọ̀ mí kí wọ́n tó fi mí síbẹ̀." Ta ló mọ̀ ọ́n? Ẹ má bi mí o.

Ìgbà Sáàpù ni, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ìlú fún ìgbànú mọ́ra. Ẹ̀yin tí ẹ bá a láyé, ẹ ò ní gbàgbé. Kẹrosíìnì wọ́n bí ojú, mílíìkì di ohun tí wọ́n ń fi ṣíbí kékeré bù fún aláìsàn, búrẹ́dì sì ń kéré sí i bí ẹni tí ìrònú ń pa. Ní Ore, níbi tí àwọn ọkọ̀ Èkó àti Bìní ti ń dúró jẹun, àwọn olóúnjẹ ti ń gé ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ débi pé atẹ́gùn lè gbé e. Ṣùgbọ́n Sáàpù kò dé ọ́fíìsì Alákòóso. Jẹnẹrétọ̀ káńsù ń ké láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kí ẹ̀rọ amúlétutù lè máa fẹ́ sí àga rẹ̀, ó wà lórí àga o, kò sí lórí àga o. Ó ní àga tó bá gbóná kò yẹ ìdí aláṣẹ.

Bí ó bá ń wọlé láàárọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ á ti tò sójú ọ̀nà. Owólabí, ọ̀gá ìròyìn káńsù, ni yóò ṣáájú. Iṣẹ́ Owólabí ni kí ó máa fi ìròyìn tó ará ìlú létí, ìròyìn kan ṣoṣo ló sì ní, pé Alákòóso ti dé.

"Ó dé o!" ni yóò kígbe. "Afárá tí kì í wó! Òpómúléró Odigbo! Ẹni tó wúkọ́ ní Ore tí Omifunfun dìde kí i!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà!" ni àwọn òṣìṣẹ́ á dáhùn.

Bí ó bá sín, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ tí ó sín léraléra, Owólabí ní àmì ìlọsíwájú ni, ó sì gbé e sínú ìròyìn ọ̀sẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tó wà lọ́kàn Alákòóso, nítorí òun ló fa gbogbo wàhálà yìí. Ó fẹ́ di kọmíṣánnà ní Àkúrẹ́. Ó fẹ́ ẹ débi pé ó ti rán agbádá tí yóò wọ̀ lọ búra, tí ó sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìjọba níwájú dígí ìyàrá rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni yóò ṣe bí Gómìnà nínú eré náà. Ṣùgbọ́n Gómìnà gan-an, sójà tí kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀, ti sọ ọ́ nínú ìpàdé pé alákòóso tó bá ní iṣẹ́ tí ojú rí nìkan ni òun yóò gbé ga.

Iṣẹ́ tí ojú rí! Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dun Alákòóso dé egungun. Láti ìgbà tó ti gorí àlééfà, ohun tó ṣe kò ju géètì ńlá kan lọ, tí ó kọ́ síwájú káńsù. Kò sí ọgbà lápá ọ̀tún géètì náà, kò sí lápá òsì. Àwọn ewúrẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde. Alákòóso nìkan ló ń dúró kí wọ́n ṣí i.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan báyìí, ó ń bọ̀ láti ibi ìsìnkú kan nínú ìgbèríko. Jésùtọ́pẹ́, awakọ̀ rẹ̀, wà nídìí Píjò káńsù, Owólabí jókòó tì í níwájú. Gbogbo abúlé tí wọ́n kọjá ló ṣókùnkùn dùdù, nítorí kẹrosíìnì kò sí. Bí wọ́n ṣe yọ sí Ajue ni Alákòóso rí ìmọ́lẹ̀. Kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ àtùpà o. Ó funfun báláú. Ó wà ní ilé ìwòsàn, ó wà ní ilé àdúrà àwọn Aládùúrà, ó wà ní abà ńlá tó wà ní gbàgede, níbi tí àwọn obìnrin jókòó sí tí wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe pupuru, oúnjẹ òkèlè ilẹ̀ wọn. Kò sì sí ariwo jẹnẹrétọ̀ kankan.

"Dúró!" ni Alákòóso pariwo. "Ta ló fún wọn ní iná láìsọ fún mi?"

"Oòrùn ni, sà," ni Jésùtọ́pẹ́ dáhùn.

"Oòrùn? Ní àṣálẹ́? Orí rẹ pé?"

Ó bọ́ sílẹ̀. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀ kí i, ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Hannah ló ṣáájú wọn, òun náà sì ni Ìyá Ìjọ ní ilé àdúrà. Ìyá yìí tó bí Alákòóso, àní ó tó bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe bá a sọ̀rọ̀.

"Ìwọ, ta ni ọ̀gá iṣẹ́ iná yìí?"

Màmá Hannah ṣàlàyé fún un. Ajue ní oko kòkó kan tó jẹ́ ti gbogbo ìlú. Gbogbo ilé ló ń fi Sátidé ṣiṣẹ́ níbẹ̀, olówó ń ṣe é, tálákà ń ṣe é, ohun tí wọ́n ń rí níbẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn. Nígbà tí ìjọba ti ṣèlérí iná títí tó fi sú ìlérí pàápàá, ìlú ní kí wọ́n fi kòkó ra iná tiwọn. Ọmọ Ajue kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Wárí ló bá wọn ra pátákó oòrùn àti bátìrì, ó sì bá wọn tò wọ́n sórí òrùlé ilé ìwòsàn. Lọ́sàn-án, pátákó á mu oòrùn, á gbé e fún bátìrì. Bí ilẹ̀ bá ṣú, bátìrì á gbé e fún gílóòbù. Fíríìjì tí nọ́ọ̀sì ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé sí náà ń jẹ nínú rẹ̀.

"Mo ní ta ni ọ̀gá?"

"Kò sí ọ̀gá, sà. Ti ìlú ni."

Alákòóso wo ojú ìyá náà, ó wo gílóòbù. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò rí ohun tí kò ní ọ̀gá rí. Lójú tirẹ̀, ohun tí kò bá ti ní ọ̀gá, adìẹ tó sọnù ni, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ló ni ín. Owólabí ti fẹnu sí i létí.

"Bàbá mi," ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "iṣẹ́ tí ojú rí rè é o."

Ó yé Alákòóso lójú ẹsẹ̀. Ó tún agbádá gbé sí èjìká, ó wúkọ́, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi!" ni ó kígbe. "Ẹ ti jìyà nínú òkùnkùn! Mo ti gbọ́ igbe yín! Lónìí, èmi Ọlọ́runníyì, mo mú ìmọ́lẹ̀ wá fún yín!"

Àwọn obìnrin wo ara wọn lábẹ́ iná tí wọ́n ti tàn kí ó tó dé. Wọ́n ní, "A dúpẹ́, sà." Ará Ajue ní ẹ̀kọ́ ilé jù, àní ẹ̀kọ́ ilé wọn yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá wọn.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìròyìn ti dé Àkúrẹ́ pé Alákòóso Odigbo ti so oòrùn mọ́lẹ̀ bí ẹṣin. Gómìnà ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá ṣí i. Háà! Alákòóso kò sun. Ó sọ iná náà ní Ìmọ́lẹ̀ Adéyẹyè. Ó pàṣẹ kí wọ́n kun gbogbo igi ẹ̀bá ọ̀nà ní ẹfun, títí kan igi kòkó ẹni ẹlẹ́ni. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kò kàwé mọ́, orin ni wọ́n ń kọ. Ìgbà náà ni ọgbọ́n ńlá kan wá sí i lórí, ọgbọ́n tirẹ̀ gan-an ni o, kò yá a lọ́wọ́ Owólabí. Ó ní ohun tí Gómìnà fẹ́ ṣí, kò yẹ kí ojú kankan máa rí i tẹ́lẹ̀. Bíbò ni kí wọ́n bò ó.

Ó ra aṣọ àrán. Àwọn télọ̀ Ore pa iṣẹ́ tì, wọ́n rán an pọ̀ títí ó fi tó bo òrùlé. Ayàwòrán kan ya ojú Alákòóso sí àárín rẹ̀, ojú náà tóbi ju ilẹ̀kùn lọ, irun imú rẹ̀ pàápàá hàn. Wọ́n gbé e gun òrùlé ilé ìwòsàn Ajue, wọ́n sì fi bo gbogbo pátákó oòrùn náà mọ́lẹ̀ bàmù.

Nọ́ọ̀sì Moyọ̀sọ́lá sáré jáde, ó sì kúnlẹ̀. Obìnrin tí kì í pariwo ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà gbogbo gbàgede ló gbọ́ ọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí aṣọ bá bò ó, kò ní rí oòrùn mu. Bátìrì á kú. Abẹ́rẹ́ àwọn ọmọdé wà nínú fíríìjì, sà, àrùn èéyi sì ti wọ ìlú Omifunfun."

Alákòóso rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín àgbà tó fẹ́ kọ́ ọmọdé lọ́gbọ́n.

"Nọ́ọ̀sì, gbogbo ìwé tí o kà yẹn, ṣé wọ́n kọ́ ọ lówe níbẹ̀? Bí iṣu ẹni bá ta, kí là ń ṣe?"

"À á fọwọ́ bò ó jẹ, sà. Ṣùgbọ́n..."

"Ó tán! Ìyàwó tí à ń mú lọ sílé ọkọ, kí là ń fi bò ó lójú?"

"Aṣọ ni, sà."

"Ìkòkò ọbẹ̀ tí a bá fẹ́ kó hó dáadáa ńkọ́, ṣé a kì í dé e lọ́mọrí?"

"À ń dé e, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Oòrùn ni mo dé lọ́mọrí yẹn! Gbogbo agbára rẹ̀ á kó jọ sábẹ́ aṣọ. Lọ́jọ́ tí Gómìnà bá ṣí i, ìmọ́lẹ̀ tí yóò bú jáde níbẹ̀, wọ́n á fi wá abẹ́rẹ́ ní Àkúrẹ́!"

"Olùkọ́ àwọn olùkọ́!" ni Owólabí kígbe, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. "Adóòrùn-lọ́mọrí!"

Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, mo ti rí òmùgọ̀ láyé mi. Èyí tí kò gbọ́ òwe, a lè pa òwe fún un. Èyí tó ti kó gbogbo òwe sí àpò ara rẹ̀, kí lẹ fẹ́ wí fún un? Síbẹ̀ Màmá Hannah gbìyànjú.

"Ẹ dákun, Alákòóso," ni ó wí. "Àwa àgbẹ̀ kòkó, òjò nìkan là ń bo kòkó fún. Bí oòrùn bá ti yọ, ọmọ kékeré gan-an mọ̀ pé kí òun sáré lọ ṣí i. Ẹni tó bá bo kòkó nínú oòrùn, bíbu ni yóò bu mọ́ ọn lọ́wọ́."

"Màmá, kòkó lẹ mọ̀. Èmi, ìjọba ni mo mọ̀."

Ó fi àwọn ẹ̀ṣọ́ káńsù ṣọ́ òrùlé náà pẹ̀lú kóńdó, ó ní ẹni tó bá fọwọ́ kan aṣọ náà, àtìmọ́lé Ore ni yóò gbà lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà iná tàn, nítorí bátìrì ṣì yó. Alákòóso nawọ́ sí i. "Ẹ rí i? Ó tún mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ!" Ó wá pàṣẹ pé kí wọ́n má pa gílóòbù kankan mọ́, tọ̀sán-tòru, kí iṣẹ́ lè mọ́ wọn lára kí àlejò tó dé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tan iná sílẹ̀ lójú ọ̀sán gangan, aṣọ sì wà lórí ohun tó ń bọ́ ọ.

Gómìnà sún ọjọ́ síwájú. Ó tún sún un. Iṣẹ́ ìjọba ni, ẹ má dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n iná Ajue kò mọ ìyẹn. Ó pọ́n bí ìbẹ́pẹ. Ó tún pọ́n bí epo pupa. Ó wá kù fẹ́ẹ́ bí ojú ẹni tí oorun ń kùn. Lẹ́yìn náà ó kú pátápátá. Owólabí gbé ìròyìn jáde pé Ìmọ́lẹ̀ Adéyẹyè ti wọ ìyẹ̀wù, ó ń múra de àlejò pàtàkì.

Moyọ̀sọ́lá kò dúró gbọ́ ìròyìn. Kí fíríìjì tó gbóná, ó ti kó abẹ́rẹ́ àwọn ọmọdé sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín tó ṣẹ́kù, ó gun ọ̀kadà, ó gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ore. Ó sunkún lórí ọ̀kadà náà. Ẹkún ìbínú ni. Àwọn ìyá ọmọ tó ti Ajue àti oko rìn wá, ó ní láti máa sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé ọmọ wọn lọ sí Ore. Àwọn tí kò rí owó ọkọ̀ wò ó lójú, wọ́n sì padà sílé.

Ìlú ṣèpàdé. Àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn á gun òrùlé, kóńdó wà o, kóńdó kò sí o. Màmá Hannah ló dá wọn dúró. Ó ní bí wọ́n bá bá àwọn ẹ̀ṣọ́ jà, Alákòóso á ní Ajue ló ba iná jẹ́. "Ẹ fi í sílẹ̀ kó ṣe ayẹyẹ rẹ̀," ni ó wí. "Aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ bò, òun náà ni yóò ṣí i níwájú ẹni tó ju ú lọ."

Gómìnà wá dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, pẹ̀lú fèrè ọkọ̀ àti eruku. Oòrùn ń mú bí iná. Alákòóso bọ́ síwájú, agbádá ìbúra Àkúrẹ́ gan-an ló wọ̀, kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Ọlọ́lá jùlọ!" ni ó bẹ̀rẹ̀. "Nígbà tí Ọlọ́run dá ayé, Ó ní kí ìmọ́lẹ̀ kí ó wà! Ìmọ́lẹ̀ sì wà! Ṣùgbọ́n kò dé Ajue!"

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" ni àwọn Aládùúrà kígbe lẹ́yìn.

"Kò dé Ajue, nítorí pé Ó ń dúró de ẹnìkan! Ẹni náà ni ọmọ ọ̀dọ̀ yín tó dúró níwájú yín yìí!"

Ó sọ̀rọ̀ pẹ́ débi pé òjìji Gómìnà tó wà níwájú rẹ̀ ti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan dákú, wọ́n gbé e kúrò, Alákòóso ní ayọ̀ ló pọ̀ jù fún un. Nígbà tó ṣe, Gómìnà fa okùn. Aṣọ àrán yọ́ wálẹ̀, ojú ńlá Alákòóso sì bọ́ sínú eruku, ó kọjú sílẹ̀. Àtẹ́wọ́ sọ. Wọ́n mú Gómìnà wọ ilé ìwòsàn, ó na ìka sí súìṣì.

Kò sí nǹkan kan.

Ó tún tẹ̀ ẹ́. Alákòóso sún mọ́ ọn, ó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ká, ká, ká, bí ẹni ń pa èkùrọ́. Òógùn bò ó lójú.

"Ọlọ́lá," ni Owólabí wí, ohùn rẹ̀ ti tínrín, "ojú ló ń tì í."

"Ojú ń ti ta?" ni Gómìnà bi í.

"Iná náà, sà. Kò rí sójà rí."

Gómìnà ní kí wọ́n fún òun ní omi tútù inú fíríìjì oòrùn tí Alákòóso ti ròyìn rẹ̀ fún un. Alákòóso ṣí fíríìjì, ooru jáde síta bí ìgbà tí wọ́n ṣí ilé tí wọ́n ti tì pa. Omi inú ìgò náà gbóná tó èyí tí ènìyàn lè fi ro ẹ̀kọ ọmọ. Gómìnà tọ́ ọ wò, ó sì gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́.

"Ọ̀tá ìlọsíwájú ni!" ni Alákòóso bú jáde. "Wọ́n ti jí iná mi! Ọlọ́lá, ará Ajue ti jí iná!"

Gómìnà yíjú sí ẹni tó dàgbà jù níbẹ̀. "Màmá, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?"

Màmá Hannah kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrìn, sà. Iná yìí ń tàn dáadáa kí ó tó di ti ìjọba. Oòrùn ni oúnjẹ rẹ̀, sà. Aṣọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí yẹn ni wọ́n fi bo oúnjẹ mọ́ ọn lójú."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí wọ́n ti ní ẹ̀ ń bọ̀, sà."

Sójà kan tó dúró lẹ́yìn Gómìnà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ṣe bí ẹni ń wúkọ́. Gómìnà wo Alákòóso láti orí dé ẹsẹ̀.

"Olóyè," ni ó wí, "a ti rí iṣẹ́ rẹ."

Ó wọ ọkọ̀, ó lọ. Ẹ sì wá wo ọkùnrin yìí! Ẹ̀rù bà á díẹ̀, kì í ṣe pé kò bà á. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń padà sí Ore ló ń yí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bí obì. "Owólabí, o gbọ́? Ó ní àwọn ti rí iṣẹ́ mi." Owólabí ní òun gbọ́. Ohun tó kù, lójú Alákòóso, ni pé kí òun wá ẹni tó ba iná jẹ́, kí òun dárúkọ rẹ̀ fún Àkúrẹ́, kí orúkọ tòun lè mọ́.

Nítorí náà, lọ́jọ́ kejì ó tún dé sí Ajue, ó jókòó ní kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ tó fara ti ilé ìwòsàn, ó ní ìgbìmọ̀ ìwádìí ni. Òun ni alága, Owólabí ni ọmọ ẹgbẹ́. Gbogbo ìlú dúró yí wọn ká. Kò sí ẹni tó rántí pátákó tó wà lórí òrùlé. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ti tẹ̀lé ọkọ̀ Gómìnà lọ jẹun ní Ore, wọn kò sì padà wá. Pátákó ti jókòó sínú oòrùn láti àná, ó ń mu ún lọ bí ẹni tó ti oko dé.

"Nọ́ọ̀sì," ni Alákòóso wí, "níbo lẹ gbé iná pa mọ́ sí?"

"Abẹ́ aṣọ yín ló wà, sà," ni Moyọ̀sọ́lá dáhùn. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé kò bẹ̀rù mọ́.

Inú bí Alákòóso. Ó fi ìkúùkù gbá tábìlì. Ó ní ìwádìí ti parí, gbogbo Ajue ló jẹ̀bi. Ìlú tí kò mọ iyì iná kò yẹ kó ní in. Lọ́la òde yìí ni kí wọ́n tú gbogbo pátákó àti bátìrì náà, kí wọ́n kó wọn lọ sí káńsù ní Ore, kí wọ́n máa fi fún àga òun ní atẹ́gùn.

Ariwo sọ. Obìnrin kan káwọ́ lérí. Oko kòkó wọn, Sátidé wọn, òógùn wọn, gbogbo rẹ̀ ló fẹ́ gbé lọ báyìí? Àwọn ọ̀dọ́ ti ń ká apá aṣọ. Owólabí dìde láti bo ohùn wọn mọ́lẹ̀. "Afárá tí kì í wó!" ni ó kígbe. "Òpómú..."

Fíríìjì ilé ìwòsàn kùn hùn-ùn lójijì. Gílóòbù orí ilẹ̀kùn ṣẹ́jú, ó sì là gbòò. Rédíò Moyọ̀sọ́lá, tí ó ti wà ní títàn láti ọjọ́ tí iná ti kú mọ́ ọn lẹ́nu, fọhùn láti ojú fèrèsé. Ìròyìn ọ̀sán ló ń lọ lọ́wọ́.

"...yọ Olóyè Ọlọ́runníyì Adéyẹyè kúrò ní ipò Alákòóso Àgbà agbègbè Odigbo. Ìyọnípò náà bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí Olóyè náà kó gbogbo ohun ìní ìjọba tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ní ti eré bọ́ọ̀lù..."

Ọwọ́ Owólabí ṣì wà lókè. Ó wò ó, ó rọra gbé e sílẹ̀, ó sì fi nu eruku lára ṣòkòtò.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni ó wí, "mo fẹ́ tọ̀."

Ìtọ̀ náà, Ore ló lọ tọ̀ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ó ti wà nínú Píjò, ó ń bẹ Jésùtọ́pẹ́ kó sáré, kí alákòóso tuntun má baà dé kó má bá ẹni tí yóò kí i. Jésùtọ́pẹ́ kọ́kọ́ wá sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó dọ̀bálẹ̀, nítorí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ọkọ̀ ìjọba ni. Wọ́n ní ká kó o sílẹ̀."

Ó gbé agboòrùn Olóyè lé orí bẹ́ńṣì, ó sì lọ.

Epo ò sí nígboro, ọkọ̀ kò sí lójú ọ̀nà. Olóyè jókòó sí kíláàsì náà títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Àwọn tó ń kọjá ń kí i, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà," wọn kò sì bú u, wọn kò fi í rẹ́rìn-ín. Èyí ló dùn ún jù. Ojú tì í, ẹ̀rù bà á, ebi sì ń pa á. Kò tíì ṣẹlẹ̀ sí i rí kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rí Àkúrẹ́ lójú ọkàn rẹ̀, ó rí bó ṣe ń jìnnà lọ.

Iná tàn ní gbàgede. Ẹsẹ̀ gbé e lọ síbẹ̀ bí kò tilẹ̀ ní kó gbé òun. Àwọn obìnrin ti jókòó ti òkìtì ẹ̀gẹ́, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tí Moyọ̀sọ́lá fẹ́ lọ gbé padà lọ́la ni wọ́n ń sọ. Olóyè dúró ní àárín wọn gan-an, lábẹ́ gílóòbù. Wọ́n dákẹ́. Bí ó ti rí i pé ènìyàn dákẹ́, àṣà ìgbà pípẹ́ bá a, ó wúkọ́, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi..."

"Olóyè," ni Màmá Hannah wí, kò gbójú sókè, "ẹ dákun, ẹ ṣún díẹ̀. A ò rí ẹ̀gẹ́ mọ́."

Ó ṣún. Wọ́n ní kó tún ṣún. Ó ṣún títí ó fi kan àpótí kan tí kò sẹ́ni tó jókòó lé e.

"Ọkọ̀ ò ní sí títí di àárọ̀," ni ìyá náà wí. "Ilé wà, ẹní wà, ẹ ó sùn níbí. Àmọ́ ní Ajue, ẹni tí yóò bá wa jẹun, á bá wa bó ẹ̀gẹ́ o. Ọ̀bẹ rè é."

Olóyè wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá ẹni tí yóò bá òun gbà á. Kò rí ẹnìkan. Ó jókòó, ó ká apá agbádá ìbúra náà sókè, ó mú ẹ̀gẹ́ kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Ìdajì ẹ̀gẹ́ náà bá èèpo bọ́ sílẹ̀. Màmá Hannah mú èèpo náà, ó yí i wò nínú ìmọ́lẹ̀.

"Ẹ rọra gé e, Olóyè," ni ó wí. "Oúnjẹ ìlú lẹ̀ ń gé dànù yẹn."

Olóyè mú òmíràn, ó sì bó èèpo rẹ̀ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.